Jet ski adúrógùn àti òfin èéfín: ṣé kí n ra two-stroke yìí, àbí ìgbà rẹ̀ ti lọ?

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìnáwó epo.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó náwó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé etí òkun l'Ékòó á ti rí jet ski. Èyí tó wọ́pọ̀ ni èyí tí wọ́n ń jókòó gùn. Èyí tí mo ń sọ kéré sí i, kò ní ìjókòó rárá. Èèyàn á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀pá tí ọwọ́ náà wà lórí rẹ̀ á sì máa gbé sókè sódò bí ẹni tó ń gùn ún bá ṣe ń yí ara. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gùn, inú omi ló máa bá ara rẹ̀. Èmi ti mọ̀ ọ́n gùn, kò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Ẹnì kan l'Ékòó fẹ́ ta Yamaha SuperJet kan fún mi, tòkúnbọ̀ láti Yúróòpù, two-stroke 701cc, irú ẹ́ńjìnnì tí à ń da ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Owó tó pè kò burú. Èrò mi ni pé kí n gbé e wálé, kí n máa gùn ún lórí Omi Dam, adágún ńlá tí wọ́n fi dáàmù sé ní Yàgbà wa, nígbàkígbà tí a bá wá ṣọdún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Jámánì ní kí n má dán an wò. Ó ní òfin èéfín ti lé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà lọ́dọ̀ wọn, pé jet ski adúrógùn gan-an ti ń kógbá sílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló kan àwa tí a wà ní Yàgbà?

Okun_ní_Houston

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́, àmọ́ ìdajì ìtàn ló sọ fún ọ.

Two-stroke ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó máa ń fi alùpùpù sáré ìje, Clayton Jacobson II, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kawasaki gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Adúrógùn ni èyí tí Kawasaki fi ṣí ọjà. Yamaha gbé SuperJet tiwọn jáde ní 1990.

Wàhálà òfin dé ní 1996. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, gbé òfin jáde fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi àti fún ti jet ski. Wọ́n ní kí epo tí kò jóná tó ń bá èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì tuntun dín ní nǹkan bí 75%, díẹ̀díẹ̀, títí di 2006. California kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ní December 1998, CARB, àjọ tó ń rí sí afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà, ní ohun tí EPA ń retí ní 2006 gbọ́dọ̀ ti dé ní 2001. Wọ́n tún mú òfin náà le sí i ní 2004 àti ní 2008. Wọ́n ń lẹ ìràwọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ sí ni ẹ́ńjìnnì ṣe mọ́ sí. Ní Lake Tahoe, adágún ńlá kan tí wọ́n ń mu omi rẹ̀, wọ́n fòfin de two-stroke oníkábúrétọ̀ láti June 1, 1999. EPA tún mú tiwọn le ní 2008, èyí sì bẹ̀rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì ti ọdún 2010.

Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n pè ní 2003/44/EC ló kọ́kọ́ fi òdiwọ̀n sí èéfín jet ski. Òfin 2013/53/EU tó rọ́pò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láti January 2016.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ní àrékérekè nìyí. Òfin EPA fàyè gba kí ilé iṣẹ́ kan ṣírò gbogbo ẹ́ńjìnnì tó tà pọ̀. Bí ajókòógùn tó mọ́ bá pọ̀ lórí àtẹ rẹ, o lè fi bí wọ́n ṣe mọ́ ju ohun tí òfin béèrè lọ bo ìwọ̀nba tó ń rú èéfín. Abẹ́ irú òfin yẹn ni 800 SX-R ti Kawasaki, two-stroke oníkábúrétọ̀, fi wà lọ́jà títí di 2011. Yamaha gba ẹnu ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní SuperJet tiwọn, fún ìje nìkan ni. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún ìje nìkan, òfin èéfín kò mú un. Ti Yúróòpù náà yọ ọkọ̀ ìje sílẹ̀. Bí two-stroke ṣe rọ́nà lò títí di 2020 nìyẹn.

Nítorí náà, àbúrò, wo ara èyí tó fẹ́ tà fún ọ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí o rí i níbẹ̀ pé fún ìje ni.

Gbẹ̀dẹ̀_Kò_Gbàgbé

Ọ̀gá Houston, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru òfin. Ọjà ló pa adúrógùn kí òfin tó dé.

Ẹ rò ó wò. Adúrógùn, ẹnì kan ló ń gbé. Ajókòógùn, bàbá, ìyá àti ọmọ lè jókòó sórí rẹ̀. Èwo ni ọlọ́jà máa ṣe púpọ̀? Ọdún 1990 sí i ni ajókòógùn ti gba ojú omi mọ́ wọn lọ́wọ́, nígbà tí òfin EPA kò tíì bẹ̀rẹ̀. Láti 2012 sí 2016, Kawasaki tó bí i kò ní ẹyọ adúrógùn kan lórí àtẹ. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ń tò síwájú ilé ìtajà wọn ni, ẹ rò pé wọn ò ní wá ẹ́ńjìnnì tó bá òfin mu fún un lọ́dún kan péré?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kadà wa náà nìyẹn. Jincheng AX100, two-stroke, ẹ rántí bó ṣe kún Kàbà àti Ìsánlú, tí òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà fi máa ń dúdú fún èéfín? Ta ló lé e lọ? Kò sí ọlọ́pàá kankan tó dá a dúró. Bájáájì ló dé, ó ń jẹ epo díẹ̀, kò sí pé à ń da ọ́ìlì mọ́ epo, àwọn ọlọ́kadà ṣírò owó wọn lálẹ́, wọ́n sì yí padà.

Mẹkáníìkì_Gánájà

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń ṣe ní Lọ́kọ́ja. Ti òfin Amẹ́ríkà ga jù mí lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń fojú rí.

Bí mo bá tún Yamaha 40 ṣe tán, inú dúrọ́ọ̀mù omi ni mo ti ń tá a, kí n tó gbé e lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Omi tó mọ́ ni mo ń pọn sí i, nítorí kí n lè rí bó ṣe ń fa omi. Kì í pẹ́ tí ojú omi náà fi máa ń yọ oríṣiríṣi àwọ̀, búlúù, pọ́pù, ìyeyè, tí á máa yí po. Bí mo bá pa á tí mo sì tọwọ́ bọ ibẹ̀, òróró á bá ọwọ́ mi jáde títí dé ìgúnpá, ọṣẹ lásán kì í bọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì tó dára nìyẹn o, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba písítìnì àti ríìngì tuntun.

Èyí tó ń mú un burú sí i ni àdàlú. Bí ẹ́ńjìnnì SuperJet yẹn bá ti mọ́ra, lítà epo 50 sí lítà ọ́ìlì 1 ni. Ta ló ń wọ̀n ọ́n nínú àwọn tó ń ná odò wa? Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹlòmíràn á ra ọ́ìlì ọ̀kadà, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni ti ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù. Plọ́ọ̀gì á dọ̀tí, ẹ́ńjìnnì á máa rú èéfín funfun, wọ́n á ní mẹkáníìkì ni kò mọṣẹ́.

Bùnú_Sports

Èmi kàn wá ka ọ̀rọ̀ ni o. Jet ski ní Omi Dam! Ẹ̀yin ará Yàgbà lówó lọ́wọ́.

Ìyá_Oníresì

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ 701, ṣùgbọ́n mo mọ Omi Dam, torí omi rẹ̀ ni mo fi ń gbin ìrẹsì.

Kí o tó gbé nǹkan ariwo rẹ dé, bi ara rẹ léèrè ohun tí omi náà wà fún. Omi oko ni. Láti ibẹ̀ ló ti ń gba kánáàlì wá bá wa. Àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀, okùn àwọ̀n náà kò sì hàn sókè omi kí ẹni tó ń sáré lè rí i. Àwọn mìíràn ń pọn ún lọ sílé. Ìwọ fúnra rẹ gbọ́ ohun tí mẹkáníìkì sọ nípa dúrọ́ọ̀mù. Ṣé o fẹ́ kí n máa bu ìyẹn sí oko?

Òyìnbó tó ní ká má gùn ún lórí omi tí wọ́n ń mu, kò ya wèrè.

Ọ̀wọ́rọ̀_Létí_Odò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Létí Odò Ọya ni wọ́n bí mi sí. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni ọkọ̀ ń ná Lọ́kọ́ja sí Ṣíńtákù, two-stroke ló sì pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì wọn. Ẹja tí à ń jẹ, inú omi yẹn ni. Ta ló ń bínú sí wọn? Ẹyọ jet ski kan tí ọmọ kan fẹ́ máa gùn nígbà ọdún ni a wá fẹ́ fi ṣe Sátánì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ́ńjìnnì tí òfin wọn kò gbà kí wọ́n tà ní tuntun fún ará ìlú wọn mọ́ ni wọ́n ṣì ń ṣe ní tuntun, tí wọ́n ń kó wá fún wa. Tòkúnbọ̀ tilẹ̀ sàn, torí wọ́n ti lò ó tán kí wọ́n tó gbé e fún wa. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ èéfín, ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ èrò ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì_Gánájà

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ń rà á torí ó rọrùn láti tún ṣe ni. Bí four-stroke, ẹ́ńjìnnì tí kì í gba àdàlú, bá kú láàárín odò, ta ló máa fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò? Two-stroke, sípánà méjì àti plọ́ọ̀gì kan, mo ti dé ibùdókọ̀. Ẹ má bú u jù.

Olùkọ́_Físíìsì_Kàbà

Ó yẹ kí ẹnì kan ṣàlàyé ìdí tí two-stroke fi ń da epo nù, kó má di pé à ń fi ẹnu lásán jà.

Nínú four-stroke, fáàfù ló ń ṣí ìlẹ̀kùn, òun náà ló ń tì í. Ìgbà tí èéfín ń jáde yàtọ̀ sí ìgbà tí epo ń wọlé. Nínú two-stroke oníkábúrétọ̀, kò sí fáàfù irú ìyẹn. Ihò ló wà lára ògiri sílíńdà, písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i tó ń dí i bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bí písítìnì bá dé ìsàlẹ̀, ihò tí èéfín ń bá jáde àti ihò tí epo tútù ń bá wọlé á ṣí pa pọ̀. Epo tútù tó ń wọlé ló ń ti èéfín jáde. Bó ṣe ń tì í, òun náà á bá a jáde. Èyí tó máa ń lọ bẹ́ẹ̀ lè tó 25% sí 30%. Bí ẹ bá ra jálá epo kan, ó lè tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ tí ẹ dà sínú omi láìjóná. Ọ́ìlì tí ẹ dà mọ́ ọn ńkọ́? Òun náà bá a lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, bó ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn wíńdò yín lálaalẹ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Kò sí ibi tí òfin ti kọ ọ́ pé "ẹ má ṣe two-stroke". Nọ́ńbà ni òfin kọ. Bí ẹ bá lè dúró kí ihò èéfín ti pa kí ẹ tó fín epo sí sílíńdà, epo kò ní ríbi sá gbà. Sea-Doo ṣe irú rẹ̀ fún ajókòógùn wọn ní 2000. Evinrude ṣe é fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n pè ní E-TEC, two-stroke ni, ó sì yege lábẹ́ òfin títí wọ́n fi pa Evinrude tì ní 2020. Four-stroke pàápàá kì í ṣe áńgẹ́lì. Irú èéfín kan wà tí iná tó gbóná ń bí, NOx, ó máa ń pọ̀ lára four-stroke ju ti two-stroke lọ. Ìdí nìyẹn tí EPA fi ń ka méjèèjì pọ̀ nínú òdiwọ̀n wọn.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mà, mo gbọ́ yín, mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yín.

Olùkọ́, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Kawasaki àti Yamaha kò fi ẹ̀rọ afínepo yẹn sínú adúrógùn wọn?

Gbẹ̀dẹ̀_Kò_Gbàgbé

Mo ti dáhùn yẹn lókè. Owó! Ẹni tí ọjà rẹ̀ kéré kì í náwó ìwádìí lé e lórí. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti wà nínú ajókòógùn ni wọ́n máa fà yọ, tí wọ́n á fi há inú adúrógùn.

Okun_ní_Houston

Níbí yìí, mo gbà pẹ̀lú Gbẹ̀dẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn.

Nígbà tí Kawasaki máa padà dé, SX-R ti 2017, ẹ́ńjìnnì ajókòógùn ni wọ́n kó sínú rẹ̀: four-stroke 1498cc, sílíńdà mẹ́rin. Ọkọ̀ náà wúwo tó 250 kg. Yamaha ṣe tiwọn ní 2021, four-stroke 1049cc, sílíńdà mẹ́ta, ìyẹn náà láti ara ajókòógùn. Ó lé ní 160 kg. Ẹ wá fi wé èyí tí Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ fẹ́ rà: SuperJet two-stroke, kí wọ́n tó da epo sí i, 139 kg ni.

Ìwọ̀n yìí ni gbogbo ìjà tó wà láàárín àwọn tó ń gùn ún. Ajókòógùn, ìjókòó ló gbé ọ, bó bá wúwo kò ni ọ́ lára. Adúrógùn, ara rẹ lo fi ń darí rẹ̀. Bó bá dojú dé, ìwọ nìkan ni wàá yí i padà nínú omi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tólẹ̀. Àwọn tó máa ń fi í fò sókè tí wọ́n ń tàkìtì lójú omi sọ pé SX-R tuntun, eré ìje tààrà ló dára fún, ìyẹn kò ṣeé fò. Àwọn tó fẹ́ràn eré sísá ní tiwọn ní wọn kò rí irú rẹ̀ rí, kì í mì lórí omi tó ń ru. Méjèèjì ló rí òótọ́ sọ.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ, àbúrò: adúrógùn kò kú. Òfin yọ ẹ́ńjìnnì fífúyẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, tó wúwo, tó wọ́n, tó sì mọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá méjì péré ló kù tó ń ṣe é.

Ọ̀wọ́rọ̀_Létí_Odò

Oníná ńkọ́? Wọ́n ní ohun gbogbo máa di oníbátìrì.

Okun_ní_Houston

Ajókòógùn oníná ti wà. Taiga, ilé iṣẹ́ kan ní Québec ní Kánádà, ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Orca, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o fún oníbàárà ní 2022. Nígbà tó di 2024, gbèsè ti mú wọn débi pé ilé ẹjọ́ ni wọ́n sá lọ bá fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ lówó. Ti adúrógùn ṣòro jù, torí bátìrì wúwo, a sì ti rí ohun tí ìwúwo ń ṣe sí i.

Bùnú_Sports

Ibo la ti fẹ́ rí iná tí a ó fi gbà á lágbára? Láti ìjẹta ni tiwa ti lọ.

Mẹkáníìkì_Gánájà

Ẹ jẹ́ ká fi oníná sílẹ̀ ná. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, mo fẹ́ sọ nǹkan tí àwọn tó wà lókè òkun kò lè sọ fún yín.

Jet ski kò ní fáànù níta bíi ti ọkọ̀ èrò. Ó ń fa omi láti abẹ́ ara rẹ̀ ni, ó ń tì í jáde lẹ́yìn. Omi yẹn kan náà ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ Odò Ọya l'ẹ̀ẹ̀rùn, tí iyanrìn ti yọ sókè ní Lọ́kọ́ja, iyanrìn ni yóò máa mu. Iyanrìn á máa ha fáànù inú rẹ̀, á ha òrùka tó yí i ká, àlàfo á wà láàárín wọn, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní lọ. Koríko omi náà ńkọ́? Á wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀, omi ìtutù á dáwọ́ dúró. Ẹ ó kàn gbọ́ kí ó dákẹ́ ni. Písítìnì ti lẹ̀.

Ní ti páàtì, ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe 701 yẹn, ó sì wà nínú ajókòógùn Yamaha pẹ̀lú. Páàtì two-stroke ni kò ní tètè tán. Ti four-stroke tuntun ni ẹ máa fi ṣẹ́ṣẹ́ wá.

Omi Dam sàn ju Odò Ọya lọ fún irú nǹkan yìí, torí omi rẹ̀ jinlẹ̀, kì í ṣàn. Ṣùgbọ́n torí pé kì í ṣàn náà ni ohun tí ẹ bá dà síbẹ̀ kò fi ní tètè lọ. Mo gbè sẹ́yìn màmá wa lórí ìyẹn.

Ìyá_Oníresì

Kí Ọlọ́run bùkún ọ, mẹkáníìkì.

Gbẹ̀dẹ̀_Kò_Gbàgbé

Ìbéèrè kan: ta ló láṣẹ lórí omi yẹn gan-an? NIWA kọ́?

Olùkọ́_Físíìsì_Kàbà

NIWA tó ní olú ilé iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, odò tí ọkọ̀ ń ná ni wọ́n ń mójú tó, àwọn ló máa bi yín léèrè láífù jákẹ́ẹ̀tì. Omi Dam, abẹ́ Lower Niger River Basin Development Authority ló wà, Ìlọrin ni olú ilé iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ti tọrọ àyè, kó sì lọ rí àwọn apẹja àti baálẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ariwo. Èmi kò mọ òfin èéfín jet ski kankan tí wọ́n máa fi mú un níbí. Ṣùgbọ́n bí ará ìlú bá ní wọn kò fẹ́ ẹ, ó parí.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Ibi tí mo dé nìyí. Mà, n kò ní gbé two-stroke wá sórí omi tí ẹ fi ń ṣe oko. Mo fẹ́ lọ béèrè ní Ìlọrin bóyá wọ́n lè fún wa láyè lápá ibì kan tó jìnnà sí ẹnu kánáàlì àti sí àwọn tó ń dẹ àwọ̀n. Bí wọ́n bá gbà, four-stroke ni mo máa gbé wá, bó bá tilẹ̀ gba kí n fi owó pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi yìí, mo ṣì fẹ́ rà á, fún Èkó, níbi tí mo ti ń gùn ún tẹ́lẹ̀. Ọ̀wọ́rọ̀, mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀wọ́rọ̀_Létí_Odò

Mo ti ń rín in. Ará Èkó kì í mu omi ni?

Ìyá_Oníresì

Ẹ jẹ́ kó lọ bá wọn jà lọ́hùn-ún. Ọmọ mi, bí o bá ń lọ sí Ìlọrin, pè wá. Àwa obìnrin tó ń gbin ìrẹsì máa rán ẹnì kan tẹ̀ lé ọ. A ní ọ̀rọ̀ kánáàlì tiwa tí a fẹ́ bá wọn sọ.

Okun_ní_Houston

Tí o bá máa ra two-stroke náà, rà á kí gbogbo ayé tó mọ iye tó ń tó. Wọn ò ṣe é mọ́, owó èyí tó kù ń gòkè níbí ni.

Mẹkáníìkì_Gánájà

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń lọ ra páàtì l'Ékòó, mo lè bá yín yà níbẹ̀. Mo máa mú géèjì kọ̀m̀púrẹ́ṣàn mi dání. Sílíńdà méjì ló ní, nọ́ńbà tí méjèèjì bá pè gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ má san kọ́bọ̀. Mo máa tú kábúrétọ̀ rẹ̀ wò bóyá iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́, mo sì máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú páǹpù tó ń fa omi láti wo òrùka rẹ̀. Ẹ kàn sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí n tó dé. Mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì náà ní tútù.